Kí ni ó yẹ kí oníbàárà retí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aago ọwọ́ olówó ńlá?

Ọmọ Ìkọ̀lé (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ìgbà pípẹ́, yóò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, àwa àbúrò rẹ̀ sì ti pinnu pé aago ọwọ́ gidi kan ni a ó fi yẹ́ ẹ sí, nítorí pé òun ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa. A dá owó jọ, wọ́n sì ní kí èmi lọ rà á wá. Ní Adó-Èkìtì níbí, a lè rí aago rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ní Òkèsà àti ní Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n irú èyí tí a ń wá yìí, Èkó ni aṣojú tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí wà, nítorí náà mo wọ ọkọ̀ lọ.

Èmi kì yóò dárúkọ ilé ìtajà náà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ta ni mo wá rí. Nígbà tí mo wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó nídìí àpótí gíláàsì wo bàtà mi kí ó tó wo ojú mi, kò sì kí mi. Mo béèrè iye owó aago kan, èsì tó fún mi ni pé, "Ó wọ́n o, sà." Mo ní kí ó ṣáà sọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo jẹ́ kí ó yé e pé mo mọ ohun tí mo wá rà, ó ní èyí tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀ kì í ṣe títà, pé àfi kí n san ìdajì owó sílẹ̀ kí orúkọ mi lè wọ inú ìwé àwọn tó ń dúró, òun kò sì lè sọ ìgbà tí èyí tí yóò jẹ́ tèmi yóò dé. Ó ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá, kí n sì sọ ibi tí owó náà ti wá, bí ẹni pé mo jí i. Mo béèrè nípa wáráńtì, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ wà nínú páálí." Mo béèrè bóyá wọ́n lè fín orúkọ ẹ̀gbọ́n wa sí ẹ̀yìn aago náà, kí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn orúkọ rẹ̀ sì pé, ó rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Adó láìná kọ́bọ̀ nínú owó náà.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bí wọ́n ṣe ń ta irú nǹkan báyìí ni, tàbí wọ́n kàn fi ojú tín-ín-rín mi ni? Kí sì ni ó yẹ kí n gbà lọ́wọ́ òǹtajà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ìnáwó tí ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta léèsì àti aṣọ òkè, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá sọ fún oníbàárà pé "ó wọ́n" kí ó tó dárúkọ iye, ó ti yẹ àpò ẹni náà wò láìfọwọ́ kàn án. Iye ni a bi í, iye ni kí ó sọ. Bí ó bá wọ́n jù, ẹsẹ̀ oníbàárà ni yóò fi dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo rí i pé àìkí yín ni ó dùn yín jù. Àwọn kan wà lọ́jà wa tí wọn yóò kí ọ títí dé orí àwọn òbí rẹ tó ti sùn, wọn yóò gbé mínírà tútù fún ọ, wọn yóò sì gé ọ̀pá aṣọ rẹ dín. Bí ilé ìtajà mìíràn bá kí yín dáadáa, tí wọn kò sì lè sọ ohun tó wà nínú páálí náà fún yín, ẹ máa bọ̀ nílé bákan náà.

Ará Ìkẹ́rẹ́ l'Ékòó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti bá irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, mo sì fẹ́ ya ohun tí òfin sọ di dandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ àìmọ̀ọ́ṣe, nítorí pé ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Káàdì ìdánimọ̀ àti ìbéèrè nípa ibi tí owó ti wá kì í ṣe ẹ̀sùn olè. Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 láti dènà fífọ owó àìmọ́ ka àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye mọ́ àwọn oníṣòwò tó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣòwò. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí ẹnì kan san owó tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ní owó gbẹrẹfu, tàbí kí ilé-iṣẹ́ san ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ilé ìfowópamọ́ kọjá. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni pé kí ó fún yín ní ìjókòó, kí ó sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá ra ọjà níbẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni, ì bá sì ti tán nínú yín.

Èyí tó ní kì í ṣe títà náà lè jẹ́ òótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Rolex àti Patek Philippe kì í fi ọwọ́ ara wọn ta aago tuntun fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aṣojú ni wọ́n ń pín in fún, aṣojú náà kì í sì í yan iye tàbí irú èyí tí wọn yóò kó fún un. Nítorí náà, ó wọ́pọ̀ kárí ayé pé kí wọ́n gbé èyí tí ènìyàn lè fi dánra wò sínú gíláàsì, kí ẹni tó fẹ́ rà á sì dúró de tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì owó láti kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀, láìsí ọjọ́, láìsí ìwé? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ orúkọ sílẹ̀. Níbòmíràn wọ́n ń gba owó àsansílẹ̀, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú aago báyìí ni, iye rẹ̀ nìyí, bí owó dọ́là bá gòkè báyìí ni a ó ṣe, bí o bá yí ọkàn padà báyìí ni owó rẹ yóò ṣe padà sọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìwòkúwò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ inú ilé. Owó oṣù àwọn òǹtajà wa kéré, ìpín orí ohun tí wọ́n bá tà ni wọ́n fi ń jẹun. Nítorí náà, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń díwọ̀n ẹni tó ń bọ̀ kí àkókò wọn má baà ṣòfò. Àwọn ọ̀gá mọ̀, wọn kò sì dẹ́kun rẹ̀, nítorí ó ń mú owó wọlé fún wọn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnì kan yóò fi rin ìrìn-àjò láti Adó dé Èkó lọ gba ìwọ̀sí? Àwọn tó ń ta aago tòkunbọ̀ lórí WhatsApp àti Instagram wà. Èmi ra tèmi lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ó kí mi, ó ya fídíò aago náà fún mi tọ̀túntòsì, ó dá mi lóhùn ní òru, ó dín owó fún mi, ó sì fi ránṣẹ́ dé gáréèjì. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà, ta ni ó tọ́jú oníbàárà jù nínú àwọn méjèèjì? Páálí àti káàdì wáráńtì tirẹ̀ náà pé pérépéré.

Atúnaagoṣe Òkèsà

Mo kí yín o. Ọmọ mi láti Ọ̀yẹ́, inú mi dùn pé ó dáhùn ní òru. Ṣé yóò dáhùn ní ọdún tó ń bọ̀?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí tábìlì mi ni ọ̀rọ̀ wáráńtì máa ń parí sí. Wọ́n ń gbé aago wá tí páálí rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tí káàdì rẹ̀ jọ ojúlówó, tí mo bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a jẹ́ ti olówó pọ́ọ́kú. Òmíràn wà tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà. Fídíò kò lè fi ìyẹn hàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kò ṣẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ gan-an ti ń ṣe é: láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Rolex ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aṣojú rẹ̀ fi ń ta aago tí ẹlòmíràn ti lò, tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì fún ní wáráńtì ọdún 2. Ohun tí ẹ ń sanwó fún níbẹ̀ ni pé ẹnì kan fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Ìkọ̀lé, ẹ gbọ́ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí òǹtajà sọ fún yín kí ẹ tó bi í. Àkọ́kọ́, bí aago náà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi ìṣíṣẹ́ apá ṣiṣẹ́, kò ní pé tó aago oníbátìrì. Aago tí àjọ tó ń dán aago wò ní Switzerland, ìyẹn COSC, bá fún ní ìwé ẹ̀rí lè fi ìṣẹ́jú àáyá 4 rẹ̀yìn tàbí kí ó fi 6 yá lójúmọ́, wọ́n á sì ní ó dára. Rolex sọ pé tòun kò ju 2 lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Aago oníbátìrì lásán lè má fi ju bíi 15 ṣìnà láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbé aago olówó ńlá wá bá mi tìbínú-tìbínú pé wọ́n fi ayédèrú gba owó òun, kò sì sí ohun kan tó ṣe aago náà. Ẹni tó tà á fún un ni kò sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi aago ara rẹ̀ lu agogo àpéjọ òwúrọ̀, yóò rí i lọ́sẹ̀ kìíní.

Ẹ béèrè ọdún wáráńtì, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 5 ni Rolex àti Omega ń fún aago tuntun wọn. Cartier lè fi dé 8 bí ẹni tó rà á bá fi orúkọ aago náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò sí èyí nínú wọn tó bo gíláàsì tó fọ́ nítorí pé aago bọ́ sílẹ̀, tàbí ohun tó bàjẹ́ nítorí pé ẹlòmíràn ti ṣí i. Èmi náà wà lára ẹlòmíràn yẹn. Bí ẹ bá gbé e wá fún mi nígbà tí wáráńtì ṣì wà, n ó ní kí ẹ gbé e lọ, nítorí pé bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, ẹ ti pàdánù ẹ̀tọ́ yín. Lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yìí kì í ta ẹ̀yà ara aago wọn fún irú wa, kí ohun gbogbo lè gba ọ̀dọ̀ wọn. Mo ka èyí sí ìmọtara-ẹni-nìkan, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tó tóbi jù fún ará Èkìtì ni pé: bí aago yìí bá dákẹ́ ní Ìkọ̀lé, ta ni yóò gbé e lọ sí Èkó, ta ni yóò san owó rẹ̀ bí ó bá di dandan kí wọ́n gbé e dé Switzerland, kí sì ni yóò wà lọ́wọ́ mi tí yóò fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ló wà? Rolex ní kí a máa mú aago fún ìtọ́jú ní nǹkan bí ọdún 10 sí ara wọn. Owó ìtọ́jú náà kì í kéré. Òǹtajà tí kò bá lè dá èyí lóhùn, bí ó bá kí yín lórí ìkúnlẹ̀, kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Mítà 30 tí wọ́n kọ sí ojú aago kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn bá a lúwẹ̀ẹ́. Omi ìfọwọ́ àti òjò ni ó lè gbà. Mo ti rí ẹni tó wọ tirẹ̀ wọ inú omi gbígbóná Ìkògòsì. Ooru ń ba rọ́bà tó ń dí omi jẹ́.

Agbẹjọ́rò Ìjerò

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. N ó fi apá ti òfin kún un, nítorí mo rí i pé ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ béèrè ohun tó yẹ kí ó gbà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018, kò yọ ọjà olówó ńlá sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, òǹtajà gbọ́dọ̀ fi iye owó ọjà tó pàtẹ hàn, nítorí náà ìdáhùn "ó wọ́n o" kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ lásán. Ó gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ọjà tó tà, tí orúkọ ilé ìtajà, ọjọ́, irú ọjà àti iye rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí ó tó gbà á. Bí ọjà bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe, tí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì wà lára rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tòkunbọ̀.

Ní ti owó àsansílẹ̀, òfin náà gbà kí oníbàárà fagi lé ohun tó ti béèrè sílẹ̀. Ilé ìtajà lè yọ owó tó bá mọ níwọ̀n nínú rẹ̀. Kò lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè fi ẹ̀sùn sun FCCPC, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀. Nítorí pé Èkó ni ilé ìtajà náà wà, ẹ tún lè lo ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ̀rí yín kò bá ju pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó sì bá orúkọ tó wà lórí ìwé mu. Mo ti rí àkáǹtì ẹni aládàáni níbi tí ó ti yẹ kí a rí ti ilé-iṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín rà á níbí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé yóò dín owó. Tẹ́lẹ̀, àlejò tó bá ra ọjà gbé jáde lè gba owó orí ọjà padà ní pápákọ̀ òfurufú. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n ti fòpin sí i ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yẹn sì ti di tiwọn nìyẹn.

Ohun tó dára níbí ni pé wọ́n kì í jiyàn. Òfin ọdún 2015 fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti rà á, ó ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí ẹnu ọ̀nà wà níbí pẹ̀lú, wọ́n kàn máa ń fi ẹ̀rín bò ó ni. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀, pé wọn yóò pè mí. Mo ṣì ń retí ìpè náà.

Wáráńtì tí aṣojú gidi bá fún yín ní Èkó yóò ṣiṣẹ́ níbí, èyí tí mo bá rà níbí yóò sì ṣiṣẹ́ ní Èkó, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí Bàbá dárúkọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ní Èkó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹni tó sún mọ́ yín ni ẹ lè lọ bá jókòó.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Bàbá Atúnaagoṣe, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbà pé aṣojú gidi yẹn kò dá ẹ̀gbọ́n lóhùn nípa wáráńtì. Nítorí náà, kí ni àǹfààní ìfọwọ́sí?

Atúnaagoṣe Òkèsà

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀gá wà lórí rẹ̀ tí a lè kọ̀wé sí. Aago kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló wà lórí káàdì, ilé-iṣẹ́ sì mọ aṣojú tí wọ́n kó o fún. Bí òǹtajà tìrẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀, ta ni ìwọ yóò kọ̀wé sí?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ọmọ Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ yín kò burú, ẹ gbé aago yẹn lọ fún Bàbá kí ó ṣí i wò.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ báyìí ná.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kó àwọn ìbéèrè yín jọ sínú lẹ́tà kan, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtajà méjì mìíràn ní Èkó, láìsọ pé mo ti rí ìwọ̀sí níbì kan. Mo béèrè iye owó, ìgbà tí aago yóò dé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó àsansílẹ̀, ọdún wáráńtì, ẹni tí yóò gbé e láti Èkìtì bí ó bá bàjẹ́, àti fífín orúkọ.

Ọ̀kan fi àwòrán aago méje ránṣẹ́ pẹ̀lú "Ẹ káàbọ̀ sí ìdílé wa," kò sì dá ìbéèrè kan lóhùn. Èkejì kọ̀wé padà ní ṣókí, ó tilẹ̀ gbẹ létí díẹ̀. Ó ní irú èyí tí a ń wá kò sí, òun kò sì ní gba owó lọ́wọ́ wa títí yóò fi dé. Pé òmíràn wà láti ilé-iṣẹ́ kan náà tó wà nílẹ̀ lónìí, iye rẹ̀ nìyí, wáráńtì ọdún 5. Pé bí ó bá bàjẹ́, àwa ni a ó san owó gbígbé e dé Èkó, àwọn ni yóò san ìyókù bí ó bá wà lábẹ́ wáráńtì, wọn yóò sì fún wa ní ìwé tí nọ́ńbà aago wà lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìfínrúkọ wọn kò ní àmì wa, ṣùgbọ́n pé ẹnì kan wà tó ń fi ọwọ́ fín in, tí a bá kọ orúkọ náà síwèé ránṣẹ́ bí a ṣe fẹ́ kí ó rí.

Àwọn àbúrò mi ní kí a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yìí. Ohun méjì ló kù. Ṣé fífín orúkọ kò ní ba aago jẹ́? Báwo ni a sì ṣe lè mọ ìwọ̀n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa láìjẹ́ kí ó fura?

Ará Ìkẹ́rẹ́ l'Ékòó

Èsì yẹn dára, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá sọ "kò sí" láìfi epo pa á ni mo fẹ́ràn.

Ní ti orúkọ, ó máa ń dín iye tí ẹlòmíràn yóò rà á kù lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò rà á láti tún un tà. Ìyẹn gan-an kò sì jẹ́ òfin: aago Rolex Daytona tí òṣèré Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, lò, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ó máa rọra wakọ̀, lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là nígbà tí wọ́n gbé e sí gbàǹjo ní New York ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ ti gba aago náà, ẹ ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ti orí káàdì mu, kí wọ́n tó fín in. Aago tí orúkọ ti wà lára rẹ̀ kò ṣeé dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Atúnaagoṣe Òkèsà

Ẹ ní kí ìyàwó rẹ̀ fún yín ní aago tó ń wọ̀ lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi òwú wọn inú ṣéènì rẹ̀ yípo níbi tí ó ti dì í, kí ẹ sì fi òwú náà sórí rúlà. Ẹ fún òǹtajà ní ìwọ̀n yẹn. Yóò yọ ojú ṣéènì bíi mélòó kan. Kí ó dì wọ́n sínú ọ̀rá fún yín, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ọwọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì máa ń sanra, owó ojú ṣéènì kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì lè ra aago odindi lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní ọjọ́ oṣù, ẹ kìlọ̀ fún un pé kí ó má máa yí ọjọ́ náà láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 3 òru, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni eyín tó ń yí ọjọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè kán. Mo ti ń tún irú rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ òní.